Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé inú mọ́tò, àti ohun tó ń fi ojú awakọ̀ ṣe

Ohun kékeré tó yọ ṣóńṣó lẹ́yìn òrùlé ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun, tí àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Áńténà ló wà nínú rẹ̀: ti rédíò, ti GPS tó ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Wáyà sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sínú àpótí kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí sábẹ́ àga. Inú àpótí yìí ni módẹ́ẹ̀mù wà, irú èyí tó wà nínú fóònù gan-an, pẹ̀lú SIM tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, tí kò ṣeé yọ bí a ṣe ń yọ ti fóònù. Bátìrì ọkọ̀ ló ń fún un níná. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń fi máàsì kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn bó ṣe ń lọ, bí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò tilẹ̀ ní fóònù lọ́wọ́. Irin ni ara mọ́tò, irin a sì máa dí ìgbì rédíò lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí áńténà orí òrùlé fi máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí fóònù inú àpò ṣì ti ń wá a kiri.

Kì í ṣe torí fídíò ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí General Motors ní Amẹ́ríkà gbé OnStar jáde nínú Cadillac ní 1996, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń tà: bí báàgì afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá bú nínú ìjàǹbá, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á pe òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á sì sọ ibi tó wà. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ irú rẹ̀ di dandan. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2018, irú ọkọ̀ tuntun tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Ẹni tó bá dákú sẹ́yìn sítíárìn lóru, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún un. Ó yẹ kéèyàn fi èyí sọ́kàn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Wi-Fi fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn, orin, máàpù, fídíò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n bá wọlé lẹ́yìn náà. Láti 2014 ni GM ti ń fi 4G sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀.

SIM tí kò ṣeé yọ yẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ fi máa ń yadi kí wọ́n tó kúrò ní èbúté Àpápá. Módẹ́ẹ̀mù wà níbẹ̀, áńténà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn tó ń bẹ lórí SIM náà, ti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, ẹni tó sì ń san owó rẹ̀ ti ta ọkọ̀. Àwọn mìíràn ti kú kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi rárá. AT&T pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, mọ́tò tó bá sì jẹ́ pé 3G ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni módẹ́ẹ̀mù rẹ̀ mọ̀, ó di adití lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó ń ta mọ́tò bá ní “ó ní Wi-Fi”, kó tan án kí ẹ rí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ní tiwa, íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ni. Apple CarPlay àti Android Auto kì í béèrè módẹ́ẹ̀mù ọkọ̀: fóònù ló ń ṣiṣẹ́, dátà fóònù ló ń lọ, sikirínì ọkọ̀ kàn ń gbé ohun tí fóònù bá rán sí i jáde ni.

Ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé, ohun tó yẹ kó dáàbò bo ojú awakọ̀ kò yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kéékèèké ló kún inú mọ́tò òde òní, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnì, ọ̀kan fún bíréèkì, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn. Orí wáyà kan náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, bí agbo ilé tí ohun tí wọ́n bá sọ ní yàrá kan ti ń dé etí gbogbo ará ilé. Kọ̀ǹpútà bíréèkì ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, eré tí ọkọ̀ ń sá á sì di mímọ̀ fún gbogbo àwọn yòókù, títí kan sikirínì. Bí sikirínì bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń rìn, ó yẹ kí fídíò dúró, kí kíbọ́ọ̀dù pòórá, kí orúkọ jàn-ànràn jan-anran inú fóònù di díẹ̀. Lórí ìròyìn kan ṣoṣo yìí, pé ọkọ̀ ń rìn tàbí ó dúró, ni gbogbo ìdènà náà rọ̀ mọ́.

Àwọn kan bẹ̀rù pé ẹni tó wà níta lè gba íntánẹ́ẹ̀tì dá sí ọ̀rọ̀ orí wáyà yẹn, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe àhesọ. Ní 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek, àwọn méjì tó ń ṣèwádìí ààbò kọ̀ǹpútà, jókòó síbi jíjìn ní Amẹ́ríkà, wọ́n wọ inú Jeep Cherokee kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mú kó máa falẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí ẹni tó ń wà á tilẹ̀ ń tẹ tọ́rọ́tù. Chrysler ní kí mọ́tò mílíọ̀nù 1.4 padà wá fún àtúnṣe. Síbẹ̀, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ojú tó kúrò lọ́nà kò ṣọ̀wọ́n rárá, ojoojúmọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà nìkan, èèyàn 3,308 ló kú ní 2022 nínú ìjàǹbá tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọkàn awakọ̀ kò sí lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú àáyá 2 wo sikirínì ti lọ tó mítà 55 láìrí ohun tó wà níwájú. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí tírélà tó bàjẹ́ lè dúró sínú òkùnkùn tó jẹ́ pé ewé tútù nìkan ni àmì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mítà 55 pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fi tọrẹ lọ. NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà kan jáde ní 2013: iṣẹ́ yòówù tí awakọ̀ bá fẹ́ ṣe lórí sikirínì, kó má ṣe gba ojú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ má sì kọjá 12. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló sì kù sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tesla fi bí èyí ṣe rí hàn. Láti òpin 2020, èèyàn lè ta géèmù lórí sikirínì iwájú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, pẹ̀lú àlàyé pé fún ẹni tó jókòó ti awakọ̀ ni. NHTSA bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí nǹkan bíi 580,000 ọkọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Tesla gbà láti tì í. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ níbi tí kálukú wọn wà. Íntánẹ́ẹ̀tì tó gbé ewu dé náà ló gbé e lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ohùn ni oògùn rẹ̀: fi ẹnu sọ ọ́, kí ọwọ́ wà lórí sítíárìn, kí ojú wà lọ́nà. Àwọn ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Ní 1997, Redelmeier àti Tibshirani gbé ìwádìí jáde lórí 699 awakọ̀ ní Toronto tí wọ́n ní fóònù, tí wọ́n sì ní ìjàǹbá. Ewu ìjàǹbá lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí wọ́n bá wà lórí fóònù, èyí tí wọn kò fọwọ́ dì mú kò sì sàn ju èyí tó wà létí lọ. David Strayer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah tún rí i ní 2015 pé lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tán, ọkàn rẹ̀ lè má padà sójú ọ̀nà pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá 27, bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tó le láti lò. Ọkọ̀ tó rọra ń lọ ní 40 kìlómítà ní wákàtí á ti rin 300 mítà kó tó dìgbà náà. Ojú awakọ̀ wà lọ́nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí i. Ó tún le díẹ̀ sí i fún wa, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbọ́. Ẹni tó ní kó pe Olúwaṣeun á tún un sọ, á yí ohùn padà, á sì gbójú sókè wo ohun tí ẹ̀rọ gbọ́, ìgbà yẹn ni ojú àti ọkàn jọ kúrò lọ́nà.

Bọ́tìnì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú èyí. Bọ́tìnì AC àtijọ́, ọwọ́ nìkan ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí wọ́n gbé sórí gíláàsì pẹrẹsẹ kò ní gọ́ntọ́ tí ìka lè fi mọ̀ ọ́n, ojú ló gbọ́dọ̀ lọ wá a. Láti 2026, Euro NCAP tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ààbò ọkọ̀ ní Yúróòpù yóò máa dín máàkì ọkọ̀ kù bí àwọn nǹkan bíi tọ́rọ́fíkétọ̀, fèrè àti wáípà kò bá ní ohun gidi tí ọwọ́ lè tẹ̀. Inú mi dùn sí ìlànà yìí gidigidi.

Òfin ìjọba ní tirẹ̀ fojú sí fóònù jù. Ní Bìrìtìkó, láti oṣù kẹta ọdún 2017, ẹni tó bá di fóònù mú lò nídìí sítíárìn lè san £200, kí wọ́n sì fi àmì ìjìyà 6 sórí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ìlànà kan níbẹ̀ tó ti wà láti 1986 tún ní sikirínì bíi ti tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí awakọ̀ ti lè rí i, àfi tó bá ń sọ bí ọkọ̀ ṣe wà, ibi tó wà tàbí ọ̀nà tó ń tọ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń mú ẹni tó ń fi fóònù sétí wakọ̀, ó sì rọrùn láti rí i láti ìta. Fíìmù tó ń lọ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò rọrùn láti rí bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu tiwa pọ̀ sí jù. Nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ ti yadi, ọ̀pọ̀ ń ra Android, sikirínì ńlá tí wọ́n ń fi rọ́pò rédíò, tó ń gba SIM tiwa tàbí hotspot fóònù. Irú sikirínì yìí kì í sábà gbọ́ ìròyìn táyà. Wáyà kan ni wọ́n fún un, tó yẹ kí wọ́n so mọ́ háńbíréèkì: bí háńbíréèkì bá wà lókè, wáyà náà kan irin ara ọkọ̀, fídíò á ṣí, bó bá wálẹ̀, fídíò á tì. Ọ̀pọ̀ rẹwáyà kì í da ara wọn láàmú débi háńbíréèkì. Wọ́n á fi wáyà náà mọ́ irin ara ọkọ̀ títí láé, oníbàárà ló sì máa ń bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, lójú sikirínì, ọkọ̀ náà kò tún rìn mọ́, ó wà ní páàkì títí, bó tilẹ̀ ń sá 120 lọ sí Ọ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nínú ọgbà, kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, kí fídíò máa lọ, lẹ́yìn náà kí háńbíréèkì wálẹ̀. Bí fídíò kò bá dúró, kí ẹ kọ́kọ́ wo sẹ́tíńgì Android náà, torí àwọn kan ní ibi tí wọ́n ti ń gba fídíò láàyè nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kí ẹ pa á. Bó bá ṣì ń lọ lẹ́yìn èyí, wáyà ni, kí rẹwáyà tú u kúrò lára irin, kó sì gbé e lọ sórí súwíìṣì háńbíréèkì níbi tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.