Máàpù Ẹkùn Ìdìbò Tó Wọ́ Kọ́ Ni Máàpù Èrú

Bí wọ́n bá ti ń fa ààlà ẹkùn ìdìbò tuntun ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, àwòrán kan kì í pẹ́ gba orí fóònù kan: ẹkùn tó lọ́ bí ejò, òmíràn tó ta ẹsẹ̀ bí alákàn. Àwọn èèyàn á ní, "Ojóóró rèé, ẹ fojú yín wò ó." Èrò yìí ti lé ní igba ọdún. Ní 1812, Elbridge Gerry tó jẹ́ gómìnà Massachusetts buwọ́ lu òfin kan tó pín ẹkùn lọ́nà tó máa gbe ẹgbẹ́ rẹ̀. Oníwèé ìròyìn kan ní Boston bá ya ìyẹ́ àti èékánná sí máàpù ọ̀kan nínú wọn, ó sọ ọ́ di ẹranko abàmì. Láti ìgbà náà, tí ààlà bá ti wọ́, èrú ni. Tó bá gún régé, ó mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti 1992 títí wọ́n fi tún ààlà rẹ̀ fà ní 2021, ẹkùn kẹrin ní Illinois pín sí apá méjì ní Chicago, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn ará Puerto Rico ló pọ̀ ní apá òkè, àwọn ará Mẹ́síkò ní ìsàlẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní aṣojú tiwọn ló sì wà láàárín. Ńṣe ni ìlà náà so apá òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó sì yí àwọn aláwọ̀ dúdú ká kí ìjókòó wọn má baà bọ́. Luis Gutiérrez wọlé níbẹ̀, ó di Látínò àkọ́kọ́ tí Illinois rán lọ sí ilé aṣòfin ní Washington. Wọ́n gbé ẹkùn náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ ní kó dúró.

Ní Wisconsin ńkọ́? Máàpù tí wọ́n yà níbẹ̀ ní 2011 kò ní ẹkùn kan tó di àwòrán yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìdìbò 2012, ẹgbẹ́ Republican gba ìjókòó 60 nínú 99 nílé aṣojú ìpínlẹ̀ náà, ìbò wọn ò sì tó ìdajì. Ọgbọ́n ẹ̀ ò pọ̀: kó alátakò jọ sínú ẹkùn díẹ̀ kí ìbò wọn ṣòfò, kó o sì fọ́n ìyókù ká kí wọ́n má lè borí níbì kankan. Èyí ò nílò ìlà wíwọ́, pàápàá níbi tí àwọn Democrat, ẹgbẹ́ alátakò wọn, ti kúkú kóra jọ sí ìlú Milwaukee àti Madison. Ọ́fíìsì lọ́yà ni wọ́n ti ya máàpù náà. Àwọn aṣòfin Republican ń wọlé wá wo ẹkùn tiwọn nìkan, wọ́n sì ń fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní tú àṣírí. Nígbà tó jáde ní oṣù Keje, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilé méjèèjì fi gbà á wọlé. Ẹjọ́ ló tú u síta.

Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti yà á àti ẹni tó wà níjókòó ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi, kó tó bi bó ṣe rí.

Ní 2018, àwọn ará Michigan dìbò gba iṣẹ́ yíya máàpù lọ́wọ́ aṣòfin. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló ń ṣe é: Democrat 4, Republican 4, àti 5 tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Kèké ni wọ́n fi yàn wọ́n. Ẹni tó bá dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú láàárín ọdún 6 sẹ́yìn kò lè wọ̀ ọ́, ọmọ rẹ̀ àti òbí rẹ̀ náà ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣèpàdé pẹ̀lú ará ìlú ó kéré tán nígbà 10 kí wọ́n tó ya nǹkan kan, àti nígbà 5 lẹ́yìn náà.

Gbangba ò wá sọ wọ́n di áńgẹ́lì o. Ní oṣù Kẹwàá 2021 wọ́n tilẹ̀kùn bá lọ́yà wọn sọ̀rọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní Detroit sọ fún wọn lójúkojú pé wọ́n ń gé àdúgbò àwọn mọ́ ìgbèríko, wọn ò gbọ́. Ní oṣù Kejìlá 2023, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ mẹ́ta fagi lé ẹkùn 13 nítorí pé ẹ̀yà ni wọ́n fi fa ààlà wọn. Àwọn ẹkùn kan níbẹ̀ nà gbọọrọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rí tó dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àti agbani-nímọ̀ràn wọn, tó wà lákọsílẹ̀ láti inú ìpàdé ìtagbangba. Ní oṣù Kẹta 2024 ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí máàpù tuntun fún ilé aṣojú, òun ni wọ́n sì fi dìbò lọ́dún yẹn.