Ogún tí kò ká: ibi tí àpérò àwọn àáfà ti ṣẹ̀ wá

Obìnrin kan kú nígbà tí Umar jẹ́ kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí (634 sí 644). Kò bímọ, ó fi ọkọ àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ bí níyàá àti bàbá sílẹ̀. Al-Kùránì fún ọkọ ní ìdajì, ó fún àwọn obìnrin méjèèjì yìí ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà wò: mẹ́ta ti ọkọ, mẹ́rin tiwọn, ó di méje. Ogún ò ká.

Umar ò dá a ṣe. Ó ko àwọn sàábé, àwọn tó bá Ànábì rìn, jọ. Wọ́n ní Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, ló fi gbèsè júwe rẹ̀: bí ẹnì kan bá kú tó fi dírámù mẹ́fà sílẹ̀, tó jẹ ẹnì kan ní mẹ́ta, tó jẹ ẹlòmíràn ní mẹ́rin, ṣebí ọ̀nà méje la ó pín in sí? Ọkọ gba mẹ́ta nínú méje, obìnrin kọ̀ọ̀kan gba méjì. Kálukú fi díẹ̀ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí 706, Umar ọmọ Abdul-Azeez di gómìnà Mẹ̀dínà, ó pe onímọ̀ mẹ́wàá, ó ní òun ò ní dá ọ̀rọ̀ gé láìgbọ́ tẹnu wọn. Ìlú yẹn náà ni Ìmáàmù Malik ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí àwa Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé nínú òfin ẹ̀sìn.

Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá ní ó kéré tán kádì (adájọ́ Ṣẹ̀ríà) mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jókòó ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣẹ̀ríà. Ó dùn mí pé kò sí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ l'Ọ́ṣun, bẹ́ẹ̀ Ẹdẹ, Ìwó àti Ìkìrun ti dájọ́ Ṣẹ̀ríà rí kí òyìnbó tó gba àkóso. Ọwọ́ àwọn àáfà ló kù sí, wọn ò sì ní ọlọ́pàá.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí mẹ́ta nínú wọn pín ogún kan l'Ókè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí. Ìyálé bí márùn-ún, ìyàwó bí ẹyọ kan. Ọmọ kan yìí ló ń pariwo ìdí-igi, pé kí wọ́n pín ogún sí iye ìyàwó. Ìyálé ní owó òun wà nínú ilé tí ọkọ àwọn fi sílẹ̀. Àáfà kan ní ẹ̀bùn ni, èkejì ní gbèsè ni, kí wọ́n kọ́kọ́ san án. Wọ́n ṣí tírà, wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí, wọ́n ń fi bírò ṣírò lẹ́yìn páálí. Àgbà wọn ò sọ̀rọ̀ títí ohùn àwọn méjèèjì fi ṣọ̀kan: gbèsè ni. Ó wá bi àwọn ọmọ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ṣé o gbà?" Ọmọ ìyàwó dákẹ́ títí tí wọ́n fi pe ìrun ásárì. Ó ní, "Mo gbà," ó tẹ̀ka.