Mudù tó tẹ̀ nídìí, àti alpha tó kọjá 0.7

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Kábà níbí. Tí mo bá ti dáhùn tán, wọ́n á fa kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Alpha mi ò ju 0.58 lọ, sùpáfáísọ̀ mi sì ní òun ò ní buwọ́ lù ú àfi tó bá dé 0.7." Alpha ni nọ́ḿbà tó ń sọ bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè inú ìwé ìbéèrè kan ṣe bára wọn mu tó; bó bá ṣe súnmọ́ 1 tó ni wọ́n ṣe bára mu tó.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò ìwádìí wọn: àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n ń ti Ìsánlú wá, wọ́n ń ti Mọ̀pà àti Ìyàrá wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja. Ìwé ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n sì ń gbé bọ̀: pé bí alpha bá ti lè kọjá 0.7, ìwé ìbéèrè náà ti yege, ohun tó ní òun ń wọ̀n ló ń wọ̀n. Irọ́ gbáà ni. Kò sì dà bíi pé àwọn ọmọ yìí ló dá a sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó kọ́ wọn ni wọ́n ti gbà á.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú ogún ìbéèrè lórí bóyá ìtọ́jú tí àwọn aláìsàn ń rí gbà ní ilé ìwòsàn abúlé ń tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó béèrè nípa nọ́ọ̀sì, nípa oògùn, nípa bí èèyàn ṣe ń pẹ́ kó tó kàn án, nípa owó. Alpha rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan: SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ní tábìlì kan tó ń sọ iye tí alpha yóò dà tí ẹ bá yọ ìbéèrè kan kúrò. "Ẹ bá mi yọ àwọn tó ń fà á lulẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Oògùn lọ. Ìdúró lórí ìlà lọ. Owó lọ. Nígbà tó fi ku mẹ́fà, alpha ti fò kọjá 0.7 dáadáa, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó ka ohun tó ṣẹ́ kù fún mi. "Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀yàyà. Inú àwọn nọ́ọ̀sì máa ń dùn láti rí mi..." Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, tó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ohun tí àwọn ará abúlé náà ń sunkún lé lórí gan-an, pé wọ́n á rìn dé ibẹ̀ kí wọ́n má bá oògùn, òun la ti yọ dànù pé ó ń ba alpha jẹ́. Síbẹ̀, iwájú ìwé rẹ̀ ṣì ń sọ pé ìtẹ́lọ́rùn àwọn aláìsàn ni òun ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́jà díẹ̀. Ẹ mọ mudù tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí wọnú. Ẹ fi wọn gàrí lẹ́ẹ̀mẹwàá, bákan náà ni yóò máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó dúró sójú kan. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní reliability nìyẹn. Ṣé gàrí yín pé? Validity nìyẹn, ìdí mudù lẹ sì máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ti alpha tilẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò wọn gàrí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ńṣe ló dà bí ẹni tó kó mudù mẹ́wàá tí alágbẹ̀dẹ kan náà lù kalẹ̀, tó fi wọ́n wéra, tó wá ní, "Wọ́n dọ́gba, ẹ máa tà."

Lee Cronbach, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ló sọ alpha di ohun tí gbogbo ayé ń lò, lọ́dún 1951, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Louis Guttman ti ṣe irú ìṣirò náà lọ́dún 1945, tí Kuder àti Richardson sì ti ṣe ti ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì péré lọ́dún 1937. Àlàyé rẹ̀ kò le. Ká ní ìbéèrè mẹ́wàá lẹ ní. Ẹ pín in sí márùn-ún márùn-ún, kẹ́ ẹ wo bí máàkì apá kan ṣe bá ti èkejì mu tó. Ọ̀nà 126 ló wà tí ẹ lè gbà pín in bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, tí ẹ wá ìpíndọ́gba, alpha lẹ rí yẹn. Bí àwọn ìbéèrè ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

0.7 tí gbogbo èèyàn ń pariwo ńkọ́? Inú ìwé Jum Nunnally ti ọdún 1978 ni wọ́n ti ń fà á yọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé 0.7 lè tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ìwádìí wò. Tó bá jẹ́ ìpinnu lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ fi máàkì náà ṣe, ó ní 0.9 ló kéré jù, 0.95 ló sì yẹ. Àwọn tó ń fà á yọ kì í kà dé ibẹ̀ yẹn. Cronbach fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 2001. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2004, ó ní òun ò ka alpha mọ́ sí ọ̀nà tó yẹ jù láti fi yẹ ọ̀pọ̀ dátà wò. Ẹni tó bí ọmọ ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo ìṣirò kan, kò gba ju kákúlétọ̀ fóònù lọ. Ká ní ìbátan tó wà láàárín ìbéèrè kan àti èkejì jẹ́ 0.2 (òdo ni pé wọn ò mọra rárá, 1 ni pé wọ́n bára mu pátápátá), ìyẹn ni pé ekukáká ni wọ́n fi mọra. Tí ìbéèrè yín bá jẹ́ márùn-ún, alpha á jẹ́ 0.56. Mẹ́wàá, 0.71. Ogún, 0.83. Ọgbọ̀n, 0.88. Kò sí ìkankan nínú wọn tó dára sí i. Wọ́n kàn pọ̀ sí i ni. Ìdí nìyí tí kì í fi í yà mí lẹ́nu mọ́ nígbà tí ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́rin bá yege.

Èyí tó tún wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọ. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́fà lórí bí èèyàn ṣe fẹ́ràn iyán tó, kẹ́ ẹ kọ mẹ́fà lórí bí ẹ̀rù ìdánwò ṣe ń bà á. Kí àwọn ti iyán máa bá ara wọn rìn ní 0.5, kí àwọn ti ìdánwò náà máa bá ara wọn rìn ní 0.5, kí ìbátan àárín iyán àti ìdánwò jẹ́ òdo pátápátá. Ẹ dà wọ́n pọ̀, ẹ ṣe alpha àwọn méjìlá. 0.78. Sùpáfáísọ̀ á buwọ́ lù ú. Kí ni ìwé náà wá ń wọ̀n? Ẹ̀rù iyán, bóyá. Láti ọdún 1904 ni Charles Spearman ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó ń tú irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, tí a wá ń pè ní factor analysis lónìí, ó sì yẹ kí ẹ ti ṣe é kí ẹ tó ronú kan alpha.

Ìwà ọmọlúàbí náà máa ń gbé alpha ga. Mo bá wọn gba dátà nígbà kan ní abúlé kan lápá Bùnú. Bàbá àgbà tí mo bá gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Mo kà á fún un pé, "Oúnjẹ máa ń tó wa jẹ nínú ilé yìí." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ojú ewé kejì, "Ìgbà mìíràn máa ń wà tí oúnjẹ kì í tó wa." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Bàbá ò purọ́. Àlejò ló rí, ta ní ń bá àlejò jiyàn lójúde ara rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ká ní apá kan náà ni gbogbo ìbéèrè mi kọjú sí, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ì bá gbà mí láti òkè délẹ̀, àwọn ìbéèrè náà ì bá sì so mọ́ra wọn pinpin. Alpha á yọ̀.

Èdè wa náà ní ti ẹ̀. Tí ẹ bá bi èèyàn pé, "Ṣé ẹ ò jẹun lánàá?" tó wá ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ohun tó ń sọ lè jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ, òun ò jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tú ìbéèrè rẹ̀ láti inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sáré fi àmì sí i pé bàbá jẹun.

"Oúnjẹ" gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní ilẹ̀ Okun níbi tí iṣu ti pọ̀, ẹni tó ti jẹ àgbàdo sísun láàárọ̀, tó jẹ ẹ̀kọ lọ́sàn-án, lè wò yín lójú kó ní òun ò tíì jẹun. Kó sì dá a lójú.

FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé, ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní FIES. Ìbéèrè mẹ́jọ péré, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni ìdáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àníyàn pé oúnjẹ lè má tó, ó kọjá sí jíjẹ oúnjẹ oríṣi kan náà ṣáá, ó dé orí fífo oúnjẹ ìgbà kan, títí dé èyí tó le jù: ṣé ẹ ti lo odindi ọjọ́ kan láìjẹun nítorí àìsí owó tàbí ohun mìíràn tí ẹ ó fi rí oúnjẹ? Oṣù 12 tó kọjá ni wọ́n ń béèrè, àsìkò tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun ò tíì jáde sì wà níbẹ̀. Wọn kò fi alpha gbé e lárugẹ. Ìṣirò Georg Rasch, ará Dẹ́ńmáàkì tó gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1960, ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Rasch rí ìbéèrè bí igi àkàsọ̀. Igi kọ̀ọ̀kan ní gíga tirẹ̀, èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ebi ti tì í dé, orí ọ̀pá ìwọ̀n kan náà la sì ti ń ka méjèèjì. Ẹni tó lo odindi ọjọ́ láìjẹun, a retí pé yóò ti fẹsẹ̀ tẹ ọ̀pọ̀ àwọn igi ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wá ní nọ́ḿbà kan tí wọ́n ń pè ní infit, tó ń sọ bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe rú tó sí ohun tí a retí. 1 ló yẹ kó jẹ́. FAO ń gba láti 0.7 dé 1.3.

Báwo ló ṣe ń múni? Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tú ìbéèrè tó sọ pé ebi pa yín ṣùgbọ́n ẹ ò jẹun, tó wá gbójú fo "nítorí àìsí owó." Àwọn tó gbààwẹ̀ á dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni," Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, àti olówó tí àká rẹ̀ kún fún iṣu. Igi gíga ni wọ́n tẹ̀, wọn ò tẹ ìkankan nísàlẹ̀. Infit ìbéèrè yẹn nìkan á lọ sókè, ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ ó wò. Alpha lè má ṣe ju kó sún wálẹ̀ díẹ̀, tó bá tiẹ̀ sún rárá. Bákan náà ni ẹ lè fi ìdáhùn ọkùnrin wé ti obìnrin tí ebi wọn dọ́gba. Baálé lè má mọ̀ pé èlùbọ́ ti tán nílé. Ìyàwó ló ń gbọn àpò.

Àwọn mìíràn á ní, "Tèmi kì í ṣe àkọṣe, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú." Alpha jẹ́ ti ìdáhùn àwọn tí wọ́n bi, kò lẹ̀ mọ́ ìwé náà títí ayé. PHQ-9, tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ti gba ìdánwò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́sàn-án rẹ̀ ni bóyá ó ń rẹ̀ yín, tí ẹ ò lágbára. Ẹ bi àgbẹ̀ Ìyàgbà kan bẹ́ẹ̀ lásìkò tó ń kọ ebè.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ fi parí. Mo ní kó dá àwọn ìbéèrè tó yọ padà, kó pín wọn sí ọ̀wọ́, nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀, ìdúró àti owó lọ́tọ̀. Kó tó tún gba dátà kankan, kó padà sí abúlé, kó jókòó ti èèyàn márùn-ún, kó ka ìbéèrè fún wọn, kó sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ó lọ́ra díẹ̀ kó tó lọ, torí owó ọkọ̀.

Nígbà tó dé, ó sọ fún mi nípa ìyá kan. Ó ka "Ìtọ́jú tí mò ń rí gbà níbẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn" fún un, ó ní kí ìyá ṣàlàyé bó ṣe yé e. Ìyá ní, "Ìtọ́jú wo, ọmọ mi? Mi ò débẹ̀ rí. Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ọmọ náà ṣí dátà àkọ́kọ́ tó gbà lójú mi, ó ń wá a bọ̀ láti òkè. Ìyá náà wà níbẹ̀. "Mo gbà" ló wà níwájú rẹ̀ nínú gbogbo ogún ìbéèrè.