Ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò sítáàtì lẹ́yìn tí a fi nǹkan kún un nílé

Láàárín àwọn ọlọ́kadà Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá àwọn tó ń ná Takie sí LAUTECH, ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn ra ọ̀kadà kí ó sì máa fi nǹkan kún un fúnra rẹ̀: àlámù nítorí olè, iná LED, fèrè ńlá, ẹ̀rọ orin. Bí irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì mọ́, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, wọn a sì ní kí mẹkáníìkì tú u palẹ̀. Owó ńlá ni èyí ń kó báni, bẹ́ẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ bàjẹ́ nítorí wáyà tí a so lọ́sàn-án. Ibi tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì nílò: kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé ní ìwọ̀n tó yẹ, kí písítìnì fún wọn pọ̀, kí púlọ́ọ̀gì sì ṣáná sí wọn lásìkò. Àtúnṣe inú ilé kì í sábà dé ibi písítìnì, nítorí náà iná púlọ́ọ̀gì ni a ń kọ́kọ́ wò. A ó tú púlọ́ọ̀gì, a ó fi í padà sínú fìlà rẹ̀, a ó gbé ara irin rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò tí a ti yọ ọ́, kí epo má baà gbaná, a ó wá tẹ kíìkì. Bí iná búlúù bá ń ṣẹ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Bí kò bá sí iná, wáyà ni ká lọ wò.

Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kéékèèké, wáyà kan wà tó lọ láti ara CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, sí ibi kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a bá pa kọ́kọ́rọ́, wáyà yìí yóò kan ara irin ọ̀kadà, iná púlọ́ọ̀gì yóò sì kú. Wáyà yìí kan náà ni àlámù sábà máa ń lò láti dá ọ̀kadà dúró. Bí ẹni tó so àlámù kò bá wé ojú wáyà dáadáa, ibi tó hó lára rẹ̀ lè máa kan fíréèmù, àgàgà bí a bá yí ọwọ́ ọ̀kadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀kadà yóò sì máa ṣe bí èyí tí a ti pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí a yọ wáyà náà kúrò lára CDI fún ìgbà díẹ̀, kí a tún tẹ kíìkì. Bí iná bá padà, CDI kò ní ẹ̀bi rárá. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ti ra tuntun kí wọ́n tó mọ èyí.

Àwọn ọ̀kadà mìíràn wà tí CDI wọn ń jẹ iná bátìrì. Lórí ìwọ̀nyí, ìdánwò yíyọ wáyà tí a sọ lókè yìí kò wúlò, nítorí ṣe ni kọ́kọ́rọ́ ń gé iná kúrò. Bí bátìrì bá sì ti kú, kíìkì nìkan kò lè gbà á. Bátìrì 12V tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn lórí mítà. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 12 lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀rọ orin tí a so tààrà mọ́ bátìrì, láìgba ibi kọ́kọ́rọ́, lè fa iná rẹ̀ gbẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí a wo fíúùsì pẹ̀lú, kí a má sì fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ láé, torí abẹ́ táǹkì epo ni wáyà wọ̀nyí ń gbà kọjá.

Bí iná bá wà tí ọ̀kadà kò sì sítáàtì, kí a bi ara wa bóyá a yọ àpótí afẹ́fẹ́ tàbí a pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Afẹ́fẹ́ lè ti pọ̀ ju epo tí kábúrétọ̀ ń fún un lọ. Bí ó bá sítáàtì pẹ̀lú ṣóòkì, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kù, tó sì ń kú bí a bá tú ṣóòkì sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbóná, èyí ló sábà máa ń jẹ́; kí a dá ohun tí a yọ padà ná.

Lẹ́yìn èyí, kí a yọ gbogbo àfikún kúrò, kí a rí i pé ọ̀kadà ń ṣiṣẹ́, kí a wá máa so wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a máa tẹ kíìkì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a so tí ọ̀kadà fi kú ni kí a gbé lọ bá réwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe.