Kí ló dé tí core kan fi wà ní 100% nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì kankan kò kọjá?

Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bi mí jù. Wọ́n á gbé DPDK, sọfítíwíà tó ń yára kó pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), sórí server, wọ́n á tẹ top, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ CPU hàn, wọ́n á rí core kan (ọ̀kan nínú àwọn ọpọlọ CPU) tó kún dé 100%, bẹ́ẹ̀ wáyà dákẹ́ rọ́rọ́. Àyà wọn á já.

Ìbéèrè: Kí ló tilẹ̀ gbé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí dé orí server lásán?

Tẹ́lẹ̀, firewall tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àpótí tirẹ̀, router tó ń tọ́ pákẹ́ẹ̀tì sọ́nà ní tirẹ̀, owó gọbọi sì ni. Ní October 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá gbé ìwé kan jáde ní Darmstadt, Jámánì, pé kí iṣẹ́ àwọn àpótí náà di sọfítíwíà nínú virtual machine (VM, kọ̀ǹpútà tí a fi sọfítíwíà dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn), lórí server tó wà lọ́jà. NFV (Network Functions Virtualisation) nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá le níbẹ̀?

Àkókò ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì Ethernet tó kéré jù jẹ́ 64 byte. Bí a bá ka àlàfo àti àmì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ó di 84. Lórí wáyà 10 Gbps, mílíọ̀nù 14.88 irú rẹ̀ lè wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nanosecond 67.2 fún ẹyọ kan. Core tó ń sáré ní 3 GHz kò ní ju nǹkan bí cycle (ìgbésẹ̀ aago core) 200 lọ láti fi yanjú ọ̀kan kí èkejì tó dé. Bó bá wá nǹkan nínú cache, mẹ́mórì kékeré tó wà nítòsí core, tí kò bá a, tó wá lọ mú un nínú RAM, ìrìn kan ṣoṣo yẹn lè jẹ gbogbo àkókò náà tán.

Ìbéèrè: Ṣé Linux fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é ni?

Ẹ wo ẹni tó ń gúnyán, tí àlejò ń ké "àgò o!" lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Bí interrupt, ìpè tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá iṣẹ́ dúró, ṣe rí fún core nìyẹn. Kernel, ọkàn Linux, ti dín àgò náà kù nígbà tí èrò pákẹ́ẹ̀tì bá pọ̀, àmọ́ ó ṣì ń wá àyè sílẹ̀ fún pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dà á kọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó nílò rẹ̀.

DPDK gba káàdì lọ́wọ́ kernel, ó fi core kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Core yẹn kò níṣẹ́ méjì: ó ń yọjú wo ìlà tí pákẹ́ẹ̀tì ń tò sí, ó tún ń yọjú, bí ìlà tilẹ̀ ṣófo. Ìyọjú yẹn ni 100% tí ẹ rí. Nǹkan kan kò bàjẹ́. Bó bá bá èrò, ó sábà máa ń kó tó 32 lẹ́ẹ̀kan, bí alákàrà ṣe ń fi ajere kó àkàrà.

Ìbéèrè: Nínú virtual machine ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dun èèyàn. Pákẹ́ẹ̀tì tó gba inú firewall kọjá sí router lè di dídàkọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. NetVM, ètò ìwádìí kan ní 2014, fi pákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú mẹ́mórì àjùmọ̀lò, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìkan ló ń lọ láti ọwọ́ kan sí èkejì. SR-IOV, ìlànà inú káàdì fúnra rẹ̀, ní tirẹ̀ pín káàdì fún àwọn VM. Ó yára, ṣùgbọ́n gbígbé VM kúrò lórí server kan sí òmíràn wá di wàhálà.

Ìbéèrè: Iná tó ń jẹ ńkọ́?

Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Bí èrò yín kò bá pọ̀, mo rọ̀ yín kí ẹ gbìyànjú XDP, ọ̀nà mìíràn láti yára yanjú pákẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣiṣẹ́ nínú kernel, tí kò sì nílò core tó ń ṣọ́nà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá core DPDK yín níṣẹ́ tàbí kò ní, ẹ má wo top mọ́: ẹ ka iye ìgbà tó yọjú tó bá ìlà lófìfo.