Àjọ̀dún orin tí kò sí ipò kejì níbẹ̀

Lọ́dún 1851, Hector Berlioz, ọmọ Faransé tó ń kọ orin, wà ní London, ó gbọ́ pé àwọn ọmọ sùkúù kan máa ń pé jọ kọrin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní St Paul's, kàtídírà ńlá yẹn, ló bá ní ojú òun gbọ́dọ̀ tó o. Kó lè ríbi dúró, aṣọ funfun àwọn akọrin ló gbé wọ̀, ó lọ kó sáàárín àwọn tó ń kọ báàsì. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ọmọdé bíi 6,500 ló rí, wọ́n tò wọ́n ní ipele-ipele lọ sókè lábẹ́ òrùlé rìbìtì yẹn, àfi bí ẹyẹ tó bà sórí igi. Gbogbo wọn lanu lẹ́ẹ̀kan náà, orin kan, ohùn kan. Berlioz tó jẹ́ pé orin ló ń ṣe jẹun, ara ẹ̀ gbọ̀n, ìwé orin tó mú dání ló fi bojú. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló padà lọ fi ohùn àwọn ọmọdé kún iṣẹ́ orin ńlá kan tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, kò sí jọ́ọ̀jì tó jókòó síbì kan tó ń kọ máàkì, kò sí kọ́ọ̀pù lórí tábìlì, sùkúù kankan ò sì ṣe kìíní kí òmíràn wá ṣe ìkẹyìn.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ torí ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá ti gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àjọ̀dún orin tí àwọn ọmọ kì í ti bá ara wọn díje, nǹkan tuntun ni, pé àwọn òbí òde òní tí ò fẹ́ kójú ti ọmọ wọn ló gbé e dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́ àwọn àgbà ti ń fi orin díje tipẹ́, ní 1176 ni Rhys ap Gruffydd, olórí kan ní Wélsì, pe àwọn akéwì àti àwọn tó ń ta háàpù jọ sí Cardigan, tó ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wọn máa gba àga. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti àwọn ọmọ sùkúù, ìpéjọ ló kọ́kọ́ dé, ìdíje bá a níbẹ̀ ni.

Ti St Paul's yẹn, 1704 ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew tó wà ní Holborn, kó tó wá kó lọ sí St Paul's ní 1782. Ọmọ tálákà ni àwọn ọmọ náà, sùkúù ọ̀fẹ́ tí àwọn èèyàn ń dáwó sí ni wọ́n ń lọ, ìdí tí wọ́n sì fi ń kó wọn jáde lọ́dọọdún ni kí àwọn olówó lè rí wọn, kí àánú ṣe wọ́n, kí wọ́n tún mú owó sílẹ̀. Mi ò ní fi bò, owó ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ti ibẹ̀ jáde ju owó lọ. Joseph Haydn tó ń kọ orin gan-an débẹ̀ ní 1792, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ẹ̀ pé kò tíì sí orin tó wọ òun lára tó bẹ́ẹ̀ láyé òun, ó sì da ohùn orin náà kọ síbẹ̀. Haydn o, ẹni tí gbogbo Yúróòpù ń wárí fún! Títí di 1877 ni wọ́n fi ń ṣe é ní St Paul's.

Báwo ni èèyàn ṣe máa kọ́ ọmọ rẹpẹtẹ tí ò mọ nótì lórin tí orin náà á sì dọ́gba? Ibí yìí ni dò-rè-mí ti wúlò. Sarah Glover, tíṣà obìnrin kan ní Norwich, ló ṣètò ọ̀nà tí ọmọdé fi lè ka orin látara lẹ́tà lásán, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ John Curwen mú un, ó tún un ṣe, ó sì tàn án ká. Ní 1857 wọ́n kó ọmọdé bíi 3,000 lọ sí Crystal Palace, gbọ̀ngàn ńlá onígíláàsì kan ní London, kí gbogbo ayé lè fetí ara wọn gbọ́ pé ó ṣiṣẹ́. Kò sí ìdíje níbẹ̀ náà.

Ọmọ bíbí inú Curwen yìí ló wá gbé ìdíje wọlé. John Spencer Curwen lorúkọ tiẹ̀, ó rí bí àwọn ará Wélsì ṣe ń ṣe Eisteddfod, ìdíje orin àti ewì wọn, bí orin ṣe ń gbóná níbẹ̀, ó wù ú, ló bá dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní Stratford, ìlà oòrùn London, ní 1882. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Wakefield náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lápá Kendal, ní àríwá England, nǹkan náà gbòde kan, ó gba orí omi kọjá, nígbà tó fi máa di 1908 ó ti dé Edmonton ní Kánádà.

Mi ò bá àwọn èèyàn yìí jà o. Wakefield fúnra ẹ̀ takú pé lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin bá díje tán, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ kọ iṣẹ́ ńlá kan pọ̀. Ní àjọ̀dún Leith Hill, ní England, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1905 bẹ́ẹ̀ náà ni, wọ́n á díje lójúmọmọ, tó bá dalẹ́ gbogbo wọn á jọ kọrin, Vaughan Williams, gbajúmọ̀ tó ń kọ orin, ló sì ń darí wọn títí di 1953. Ìdíje yẹn náà ló sọ jọ́ọ̀jì di ẹni tó ń kọ àlàyé fúnni, tó máa ń sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù, ìwé àlàyé yẹn sì ni àwọn àjọ̀dún tí ò ní ìdíje padà wá jogún.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Ní 1923 wọ́n pe báńdì àwọn ọmọ sùkúù jọ sí Chicago láti díje, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fèrè àti ìlù ló sì wà nídìí ẹ̀, torí Ogun Àgbáyé Kìíní ti parí, báńdì ológun àti báńdì ìlú ò ra ọjà mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá, wọ́n wá ojú sí sùkúù. Báńdì Fostoria láti Ohio ló gbà á, $1,000. Látìgbà yẹn, sùkúù tí ò ní báńdì tẹ́lẹ̀ ń dá a sílẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ tíṣà á mú orin mẹ́ta péré, á máa fi lọ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí, torí orin ìdíje ni. Ọmọ á mọ orin mẹ́ta yẹn bí ẹní mọwọ́, kò ní lè ka ìkẹrin.

Láàárín ariwo yẹn náà ni àwọn kan ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1926 Joseph Maddy kó ọmọ sùkúù tó lé ní 200 láti ìpínlẹ̀ káàkiri jọ sí Detroit, ó ṣe wọ́n ní ọkẹ́sítírà kan ṣoṣo, wọ́n lu orin fún àwọn tíṣà orin. Ní 1929 Irl Allison bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní Abilene, Texas, fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ píánò, òun ló di National Guild of Piano Teachers. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Ọmọ á wọlé, òun àti jọ́ọ̀jì nìkan, á tẹ orin tó bá mọ̀, ẹyọ kan o, mẹ́wàá o, ogún o. Jọ́ọ̀jì ní káàdì níwájú, á máa fi lẹ́tà méjì sàmì sí i, C fún ibi tó yẹ ká yìn ín, A fún ibi tó yẹ kó fojú sí. Ó tán. Kò sí ọmọ kejì tí wọ́n máa gbé e ti. Ọmọ tó tẹ orin kan tó mọ́ tónítóní á gbé káàdì ẹ̀ lọ sílé tayọ̀tayọ̀, ọmọ tó tẹ ogún náà á gbé tiẹ̀.

Àwọn báńdì náà padà rò ó. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 wọ́n dẹ́kun àtito báńdì láti orí kìíní dé ìkẹyìn, ipele ni wọ́n ń fún wọn, ó wá di pé báńdì mẹ́wàá lè bọ́ sí ipele kìíní lọ́jọ́ kan náà tí kò ní dun ẹnikẹ́ni, èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń pè é ní àjọ̀dún dípò ìdíje. Ìlàjì ọ̀nà ni mo ka ìyẹn sí o, torí ọmọ tó gba ipele kẹta mọ̀ pé òun gba ipele kẹta.

Họ́ngárì ò tiẹ̀ fi ipele sí i níbẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zoltán Kodály, ọmọ Họ́ngárì tó ń kọ orin, àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn dá Éneklő Ifjúság sílẹ̀ ní 1934, ìtumọ̀ ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin, ẹgbẹ́ akọrin sùkúù kọ̀ọ̀kan á kọ tiẹ̀ kí àwọn yòókù gbọ́, gbogbo wọn á wá jọ kọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ tó ti ń yìnbọn lu ara wọn pàdé ní Passau, Jámánì, ní 1961 fún Europa Cantat àkọ́kọ́, àjọ̀dún àwọn ẹgbẹ́ akọrin Yúróòpù, wọn ò sì fi ìdíje sí i, torí ta ló fẹ́ kí ọmọ Faransé àti ọmọ Jámánì tún máa wo ẹni tó borí?

Ti Jàpáànù ni mo fi ṣe ìkẹyìn, òun ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Shinichi Suzuki, wọ́n bí i ní 1898 ní Nagoya, bàbá ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fáólìn. Ohun tó rí rọrùn débi pé èèyàn lè fojú fò ó: gbogbo ọmọ Jàpáànù ló ń sọ èdè Jàpáànù! Kò sí ọmọ tí wọ́n máa ní kò lẹ́bùn èdè abínibí. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ, ó ti di tiwọn. Ó ní kí orin náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní Matsumoto ní 1946, ìgbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán. Èdè abínibí ò sì ṣeé fi díje, àbí ta ló ń fún ọmọ ní kọ́ọ̀pù torí ó pe ìyá ẹ̀?

Ní 1955, ọmọ bíi 1,200 jọ ta fáólìn nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Tokyo. Fíìmù ẹ̀ dé Oberlin ní Ohio ní 1958, àwọn tíṣà tó wò ó ò gba ojú wọn gbọ́, ní 1964 Suzuki wá kó ọmọ mẹ́wàá lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ta á níwájú àwọn tíṣà orin ní Philadelphia.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń to irú kọ́ńsáàtì yẹn. Orin tó le jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ nìkan ló máa wà lórí ìtàgé. Orin tó kàn rọrùn díẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé, àwọn ti àkọ́kọ́ ò ní jókòó. Èyí tó kàn tún rọrùn sí i, àwọn kékeré á tún gorí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ni ìtàgé á máa kún, títí á fi kan orin ìràwọ̀ kékeré tí gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta tí fáólìn ẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ lọ á wá bọ́ síwájú, ẹ̀gbọ́n tó fi orin líle bẹ̀rẹ̀ á wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn méjèèjì á jọ gbé ọrun fáólìn wọn sókè.