Kí ni wọ́n ń pè ní harness àwọn òmùwẹ̀ àtijọ́?

Harness ni àwọn okùn pẹlẹbẹ àti irin tí òmùwẹ̀ fi ń gbé táǹkì afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti fi ọ̀já pọn ọmọ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀: kí ẹrù má yẹ̀ lẹ́yìn, síbẹ̀ kó má ṣòroó tú nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ ọ́.

Ọdún 1943 ni Jacques-Yves Cousteau àti Émile Gagnan ṣe Aqua-Lung, ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ táǹkì lábẹ́ omi, nílẹ̀ Faransé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé èèyàn léfòó. Irin tó yí táǹkì ká, okùn èjìká méjì, ìgbàjá kan, okùn kan tó gba àárín itan kọjá: ó parí. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń rán irú rẹ̀ fúnra wọn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n sì ń gbé e mòòkùn.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àṣejù ni okùn àárín itan yẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ ìmí ayé ìgbà yẹn, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ táǹkì sílẹ̀ fún òmùwẹ̀, kì í wà lẹ́nu bíi ti òde òní. Orí táǹkì ló ń wà, lẹ́yìn èèyàn, ọ̀pá rọ́bà méjì á sì ti ibẹ̀ wá sẹ́nu: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀, èkejì ń dá èyí tí a ti mí padà. Bí omi bá ṣe ń tẹ ẹ̀rọ yẹn tó níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ náà ni agbára afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ṣe ń tó. Tí ẹ̀dọ̀fóró bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, omi á tẹ àyà ju bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ lọ, èèyàn á sì máa fa èémí bí ẹni tó ń fi sitirọ́ọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ògì. Tó bá yí padà tó dojú sókè, afẹ́fẹ́ á máa ya wọ ẹnu rẹ̀ láìfà á. Nítorí náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, láàárín palaba èjìká méjèèjì. Okùn itan ni kì í jẹ́ kí táǹkì sún gòkè lọ bá ìpàkọ́.

Owú ni wọ́n fi ń hun okùn náà láyé àtijọ́. Ó rẹwà, àmọ́ omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́, lójú tèmi náílọ́ọ̀nù ló dáa jù. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni ẹ wá. Ìṣó gbígbóná ni kí ẹ fi dá ihò sí okùn náà, kì í ṣe ọ̀bẹ, torí iná á yọ́ etí ihò náà pọ̀ kó má baà tú (ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, èéfín rẹ̀ ń ta ni lọ́fun). Ẹ wọn táǹkì kí ẹ tó ra irin tó máa yí i ká: táǹkì irin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 72 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17.5, ti alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 80 sì fẹ̀ tó 18.4. Tó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù ni, ẹ fi rọ́bà sáàárín òun àti irin, torí nínú omi iyọ̀ irin á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́líìtì òjé tó ń mú òmùwẹ̀ rì kì í ṣe ara harness. Òun ni wọ́n ń dè kẹ́yìn, lórí gbogbo okùn yòókù. Bí okùn itan bá lọ gba orí rẹ̀, ọjọ́ tí ewu bá dé tí òmùwẹ̀ tú bẹ́líìtì náà, kò ní já bọ́; ibẹ̀ ni yóò há sí, láàárín itan. Kí ẹ tó gbé harness yín lọ sínú òkun, ẹ kọ́kọ́ wọ inú omi tó mọ níwọ̀n àyà, kí ẹnì kejì dúró tì yín, ẹ dijú, kí ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tú ìgbàjá.